Ta ló mọ ibi tí wọ́n ti ń yẹ jíìnì wò fún nǹkan funfun inú ẹnu?

Ẹ jọ̀ọ́ ẹ̀yin èèyàn mi, torí bàbá mi ni o. Wọ́n ti lé ní ọgọ́ta ọdún, wọ́n fa sìgá gan-an nígbà kan, áásà náà ò gbẹ́yìn. Nǹkan funfun kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ahọ́n wọn tó ti pẹ́, èèyàn ò lè ha á kúrò, kò sì dùn wọ́n rárá, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ní ká fi àwọn sílẹ̀. Dókítà eyín gé díẹ̀ níbẹ̀ lọ yẹ̀ wò, ó ní leukoplakia ni (orúkọ tí wọ́n ń pe irú nǹkan funfun inú ẹnu tí kò ṣeé ha kúrò yìí), kì í ṣe jẹjẹrẹ, ṣùgbọ́n àwọn sẹ́ẹ̀lì ibẹ̀ ti ń yí padà.

Mo wá kà á pé wọ́n lè yẹ jíìnì inú ẹran tí wọ́n gé yẹn wò, bóyá apá kan krómósómù 3 àti 9, ìyẹn àwọn okùn inú sẹ́ẹ̀lì tó gbé jíìnì dání, ti sọnù (apá kúkúrú wọn ni wọ́n ń pè ní 3p àti 9p), pé tó bá ti sọnù, ewu pé ó máa di jẹjẹrẹ pọ̀ sí i. Ṣé wọ́n ń ṣe é n'Íbàdàn tàbí l'Ékòó, àbí òkè òkun la máa fi ránṣẹ́ sí? Èló ni? Ṣé wọ́n lè lo èyí tí wọ́n ti gé tẹ́lẹ̀, torí bàbá ò ní gbà kí wọ́n tún gé àwọn mọ́ láéláé, ariwo ọjọ́ yẹn ò kéré. Tí èsì bá sì jáde, ṣé ó máa yí ìtọ́jú padà lóòótọ́ àbí owó la kàn máa ná?

Ẹni tó bá fẹ́ dárúkọ àgbo, ẹ dákun, ẹ̀gbọ́n mi ti fi ìyẹn dà mí láàmú tó.