Bulọ́ọ̀nù wo ni mo máa fi de ẹ́ńjìnnì Carina mọ́ sítáǹdì?

ỌmọAkabaÌdènà (Kétu)

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin ọ̀gá. Ọ̀rọ̀ bulọ́ọ̀nù (bóòtì) ló sú mi. Mo ra sítáǹdì tí wọ́n ń gbé ẹ́ńjìnnì kọ́, àlòkù láti Kútọnu, ọwọ́ mẹ́rin, kò sí bulọ́ọ̀nù kankan lára rẹ̀. Ẹ́ńjìnnì Toyota Carina E, irú tí wọ́n ń pè ní 4A-FE, ti onítakisí kan tó ń ná Kétu sí Pobè, ló wà nílẹ̀. Ó ń jẹ ọ́ìlì, a sì ti sọ ọ́ kalẹ̀ láti ọjọ́ Àìkú. Orí táyà ló jókòó sí, ẹ̀yìn sì ń ro mí bí mo ṣe ń bẹ̀rẹ̀ tì í.

Àwọn bulọ́ọ̀nù tí mo tú níbi tí gíá ti so mọ́ ẹ́ńjìnnì, kílé (sípánà) 17 ló mú èyí tó pọ̀ jù nínú wọn. Nígbà tí mo lọ kí ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ní Àjàṣẹ́, mo yà ní Ouando, mo ní, "Ẹ fún mi ní bulọ́ọ̀nù 17 mẹ́rin, èyí tó gùn." Wọ́n fún mi. Mo délé, mo tì í bọ ihò gíá yẹn lára ẹ́ńjìnnì, ló bá ń jó nínú ihò bí ọmọ odó nínú odó. Mo tún wá 19 kan, ti ọkọ̀ akẹ́rù, nínú garawa àwókù. Ìyẹn wọlé, ó yí ẹ̀ẹ̀mejì, ó gan. Ọmọṣẹ́ mi ní kí òun fi páìpù bọ kílé, kí òun fi tipátipá yí i. Mo ní tó bá fọwọ́ kàn án, òun ni yóò ra bùlọ́ọ̀kù (ara ẹ́ńjìnnì) mìíràn fún onímọ́tò.

Kí ni kí n rà? Báwo ló ṣe yẹ kó gùn tó? Ṣé méjì nìkan kò lè gbé e?

ÌyáOníbulọ́ọ̀nù (Àjàṣẹ́)

Kú iṣẹ́ o, ọmọ mi. Èyí tí o pè ní 17 yẹn, orí bulọ́ọ̀nù lo ń pè, o ò tíì dárúkọ ara rẹ̀. Àràárọ̀ ni ẹ̀yin mẹ́káníìkì ń ṣe é níwájú ìsọ̀ mi. Èyí tó wọ́pọ̀ lọ́jà, tí kílé 17 bá mú orí rẹ̀, ara rẹ̀ jẹ́ mìlímítà 10. Toyota ní tiẹ̀ máa ń fi orí kékeré sórí ara ńlá: kílé 17, ara 12. Báwo ni 10 ṣe máa wá há mọ́ ihò 12 yẹn? 19 ti akẹ́rù, 12 ni lóòótọ́, àmọ́ eyín rẹ̀ gbàǹgbà, 1,75 ni láti eyín kan sí èkejì. Ti Toyota wẹ́wẹ́ ni, 1,25. Ọlọ́run ló gba bùlọ́ọ̀kù yẹn lọ́wọ́ ọmọṣẹ́ rẹ.

Tí o bá dé ìsọ̀, sọ pé "M12, pas 1,25": ara 12, àlàfo eyín kan sí èkejì 1,25. Èyí tó dára jù ni kí o mú ògbólógbòó dání, kí o fi eyín rẹ̀ kan eyín tuntun, kí o gbé méjèèjì sójú oòrùn. Tí ìmọ́lẹ̀ bá yọ láàárín wọn, wọn kì í ṣe ọmọ ìyá. Wo orí rẹ̀ kó ní 8.8 tàbí 10.9, nọ́ńbà agbára irin rẹ̀ nìyẹn. Èyí tí kò ní nọ́ńbà kankan, ti bẹ́ẹ̀dì ni.

Ṣókí229

Ẹ̀gbọ́n, ẹ ra ọ̀pá eléyín mítà kan, ẹ gé e sí mẹ́rin, ẹ fi nọ́ọ̀tì dè é. Ó parí.

AgéyínIrin (Sábẹ)

Ṣókí, irin tó rọ̀ ni wọ́n fi ń ṣe ọ̀pọ̀ nínú ọ̀pá yẹn. Fi so páìpù mọ́ ògiri.

Ọmọ Kétu, méjì kò tó. Mẹ́rin ni, kí wọ́n sì jìnnà síra. Fún gígùn, ti sípóòkù kẹ̀kẹ́ bọ ihò títí yóò fi kanlẹ̀, fi èékánná mú ibi tó dé, kí o wọ̀n ọ́n. Wọn ọwọ́ sítáǹdì, fi wáṣà kún un. Èyí tó máa wọ inú bùlọ́ọ̀kù, kó má dín ní ìlọ́po kan ààbọ̀ ara bulọ́ọ̀nù: tí ara bá jẹ́ 12, ó di 18. Bùlọ́ọ̀kù 4A kì í ṣe alumíníọ̀mù. Ká ní òun ni, ìlọ́po méjì ni mo máa sọ. Àmọ́ bulọ́ọ̀nù kò gbọ́dọ̀ kanlẹ̀ ihò. Tó bá kanlẹ̀, kílé á le lọ́wọ́ rẹ, ọwọ́ sítáǹdì á sì ṣì máa mì.

Mo ti jẹ ìyà rẹ̀ rí, lórí ẹ́ńjìnnì Peugeot 504. Mẹ́ta wọlé dáadáa, ìkẹrin kò ju eyín mẹ́ta lọ nínú ihò. Mo ní kò burú. A yí ẹ́ńjìnnì dojú dé, ìkẹrin já jáde. Nígbà tí mo mú un nílẹ̀, eyín ihò ti fọ́ wẹ́wẹ́ mọ́ ọn lára. Ọ̀sẹ̀ kan ni mo fi tún ihò yẹn ṣe, mi ò gba kọ́bọ̀.

Tú ambráyáàjì (kílọ́ọ̀ṣì) àti fúláwílù, àwo irin ńlá tó so mọ́, kúrò kí o tó gbé e kọ́. Fi ọwọ́ lásán yí mẹ́rẹ̀ẹ̀rin wọlé kí o tó fi kílé kan ọ̀kan. Kí àárín sítáǹdì sì dojú kọ àárín kíráǹkì, ọ̀pá tó ń yí nínú ẹ́ńjìnnì, tàbí kó ga díẹ̀ jù ú lọ, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ yóò máa fẹ́ gbé ara rẹ̀ yí mọ́ yín lọ́wọ́.

ỌmọAkabaÌdènà (Kétu)

Ẹ ṣé o, Bàbá. Ẹ ṣé, Ìyá. Ihò mẹ́ta tí mo mú jẹ́ 12, ìkẹrin tó wà nísàlẹ̀ jẹ́ 10, eyín 1,25 náà ni, kílé 14 ló mú tiẹ̀. Ọwọ́ sítáǹdì jẹ́ mìlímítà 50, wáṣà 3, ihò ńlá jìn ní 30. Mo ra 80 fún ihò ńlá, 27 wọlé, ó ku 3 kó kanlẹ̀. Mo ra 70 fún kékeré, 17 wọlé, mo sì fi wáṣà fífẹ̀ tó nípọn sí i nídìí. Ẹ́ńjìnnì ti wà lókè láti àná. A yí i dojú dé, kò mì.

Ìyá, 17 mẹ́rin tó wà lọ́wọ́ mi yìí ńkọ́? Ṣé ẹ lè gbà á?

ÌyáOníbulọ́ọ̀nù (Àjàṣẹ́)

Mú un bọ̀ tó bá ṣì mọ́. Mi ò ní fún ọ lówó o, wáṣà ni màá fi ṣe pààrọ̀ rẹ̀.