Káàdì béésíbọ́ọ̀lù Heritage 2026 (àwòṣe 1977): ṣé páálí ni ká rà ni àbí ẹyọ-ẹyọ?

Igun Mẹ́rin:
Ẹ̀yin ará, ẹ kú ojúmọ́. Ọ̀rọ̀ Topps Heritage 2026 ni mo bá wá, ìyẹn káàdì béésíbọ́ọ̀lù tí ilé iṣẹ́ Topps ń fi àwòṣe àtijọ́ rẹ̀ ṣe. Láti 2001 tí wọ́n ti fi àwòṣe 1952 bẹ̀rẹ̀, ọdún kọ̀ọ̀kan ni wọ́n ń fi sún síwájú, 1977 ló sì kàn. Mo fẹ́ kí káàdì 1 dé 500 pé lọ́wọ́ mi, mi ò sì ní in lọ́kàn láti tà á. Páálí mélòó ló yẹ ní rírà kí n tó yíjú sí ẹyọ-ẹyọ? Báwo lẹ ṣe ń dá àwọn tí wọ́n yí àwòrán wọn padà mọ̀? Mo tún ní káàdì 1977 gangan díẹ̀: ṣé inú álíbọ́ọ̀mù kan náà ni òun àti tuntun lè wà?

Ẹni Ń Kà:
Ẹ kú ojúmọ́ o. Ẹ jẹ́ ká ṣe ìṣirò ná, torí ibẹ̀ lowó ti ń bọ́ sọnù. Ní Heritage, 1 sí 400 wọ́pọ̀, 401 sí 500 ló ṣọ̀wọ́n, àwọn tá à ń pè ní SP (short print, èyí tí wọ́n tẹ̀ níwọ̀nba). Nínú páálí hobby (èyí tí wọ́n ń tà ní ṣọ́ọ̀bù àwọn olùkójọ káàdì), ó ti pẹ́ tí SP kan ti ń jáde nínú nǹkan bí àpò mẹ́ta. Ká fi páálí alápò 24 ṣe àpẹẹrẹ, káàdì 9 nínú àpò kọ̀ọ̀kan: káàdì 216 nìyẹn, SP inú rẹ̀ ò ju bíi 8 lọ. Kódà bí ẹ ò bá rí ẹyọ kan lẹ́ẹ̀mejì, ẹ ó ju páálí 12 lọ kí 100 tó pé. Ẹ ó sì rí wọn lẹ́ẹ̀mejì! Bó bá jẹ́ pé ṣe ni wọ́n kàn dà wọ́n pọ̀ láìtò, SP bíi 519 lẹ máa ṣí kí ọgọ́rùn-ún náà tó pé, ìyẹn nǹkan bíi páálí 65. Ẹ má gba ọ̀nà yẹn rárá.

Ti 1 sí 400 yàtọ̀. Bẹ́ ẹ bá yọ SP àti àwọn káàdì àfikún kúrò, páálí méjì á fún yín ní bíi 370. Nínú 370 yìí, bí wọn ò bá tò wọ́n rárá, bíi 240 ló máa yàtọ̀ síra. Ẹ sábà máa ń rí jù bẹ́ẹ̀ lọ, torí ilé iṣẹ́ máa ń to inú páálí kan kó má fi bẹ́ẹ̀ tún ara rẹ̀ ṣe. Àmọ́ tó bá di páálí kẹta, èyí tẹ́ ẹ ti ní ni yóò máa pọ̀ ju èyí tẹ́ ẹ ń wá lọ. Páálí méjì tó. Ẹ fi èyí tó bá di méjì ṣe pàṣípààrọ̀ láti dí àlàfo, kẹ́ ẹ wá ra SP lẹ́yọ-lẹ́yọ. Ẹ má rà á lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́, torí ìgbà yẹn ni ẹyọ wọ́n jù, kó tó di pé àwọn èèyàn ṣí páálí púpọ̀.

Kẹ́ ẹ tó sanwó, ẹ ka ara páálí. Iye àpò àti iye káàdì máa ń yí padà látọdún dé ọdún, bẹ́ẹ̀ ni SP inú páálí hobby àti ti ilé ìtajà gbogboògbò kì í dọ́gba.

Ará 1952:
Mo fara mọ́ ìṣirò yẹn. Àmọ́ ẹ jẹ́ ká mọ ibi tí ọ̀wọ́n SP ti wá. Láyé ìgbà yẹn, ìpín-ìpín ni Topps ń gbé káàdì jáde bí ìdíje bá ṣe ń lọ. Ìpín tó kẹ́yìn ní 1952, 311 sí 407, pẹ́ kó tó dé ọjà, kò sì tà. Sy Berger, ọ̀kan lára àwọn tó ya àwòṣe náà, sọ pé inú òkun Àtìláńtíìkì làwọn kó ìyókù dà sí ní 1960. Mickey Mantle, gbajúmọ̀ agbábéésíbọ́ọ̀lù, ló wà ní 311. Ọ̀kan nínú rẹ̀ tà ní mílíọ̀nù 12.6 dọ́là ní oṣù kẹjọ 2022.

Ní 1974 ni Topps bẹ̀rẹ̀ sí í gbé gbogbo rẹ̀ jáde lẹ́ẹ̀kan náà, bẹ́ẹ̀ náà ló sì ṣe ní 1977. Nítorí náà, nínú káàdì 660 ti 1977, kò sí ìpín ìkẹyìn kankan tó ṣọ̀wọ́n. Ilé iṣẹ́ ló dìídì ń ṣẹ̀dá ọ̀wọ́n SP ti Heritage yìí, kò tinú ìtàn 1977 wá. Bó bá jẹ́ pé ìfẹ́ 1977 ló gbé yín dé ibí, 1 sí 400 tó pé pérépéré jẹ́ iṣẹ́ tó níyì lójú tèmi, kí SP máa wá díẹ̀díẹ̀.

Awò Ìlọ́po 10:
Ti àyípadà: ẹ yí káàdì sẹ́yìn. Ní ìsàlẹ̀ pátápátá, láàárín àwọn lẹ́tà wínníwínní tó sọ ẹni tó ni ẹ̀tọ́, nọ́ńbà kóòdù kan wà níbẹ̀. Ẹ mú káàdì lásán mẹ́ta, ẹ wo nọ́ńbà méjì-mẹ́ta tó gbẹ̀yìn kóòdù yẹn. Bákan náà ni wọ́n máa rí. Èyí tí tirẹ̀ bá yàtọ̀, ẹ yà á sọ́tọ̀, bí iwájú rẹ̀ tiẹ̀ jọ ti àwọn yòókù. Ẹ ṣe èyí kẹ́ ẹ tó kó èyí tó di méjì fún ẹnikẹ́ni, torí ibẹ̀ ni àyípadà ti máa ń sọnù.

Ohun tí 1977 tún máa dá sílẹ̀ ni ti ìbuwọ́lùwé. Àwòṣe náà fi orúkọ àti ẹgbẹ́ sókè, ó kọ ipò agbábọ́ọ̀lù sínú àsíá kékeré onígun mẹ́ta, ó sì tẹ ìbuwọ́lùwé sórí àwòrán. Ẹ̀rọ ló tẹ ìyẹn. Bí ẹnì kan bá fẹ́ tà á fún yín bí ìbuwọ́lùwé gidi, ẹ fi awò tó ń sọ nǹkan di ìlọ́po 10 wò ó: ti ẹ̀rọ pẹlẹbẹ, ó sì dọ́gba látòkè délẹ̀. Ti kálàmù máa ń dúdú sí i níbi tí ìlà ti kọjá lórí ara rẹ̀, á sì máa dán tẹ́ ẹ bá gbé e sí ìmọ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́gbẹ̀ẹ́. Èyí tí agbábọ́ọ̀lù fọwọ́ ara rẹ̀ kọ ni Real One, ẹ̀yìn káàdì náà sì sọ bẹ́ẹ̀ ní kedere.

Ọ̀rá Àti Páálí:
Ìbéèrè kẹta. Ìwọ̀n 1977 àti ti òde òní bára mu: 63.5 lọ́nà 88.9 mílímítà. Àwọn tó ṣáájú 1957 ló tóbi jù, 1952 sí 1956. Wọ́n lè jọ wà nínú ewé alápò mẹ́sàn-án kan náà. Fún káàdì 500, káàdì kan nínú àpò kọ̀ọ̀kan, ewé 56 lẹ nílò.

Ewé tí kò ní PVC (irú ike kan) ni kẹ́ ẹ rà. Èròjà tó ń mú PVC rọ̀ máa ń yọ jáde bó bá pẹ́, á sì lẹ̀ mọ́ àwòrán. Álíbọ́ọ̀mù onírin D sàn ju ti olóbìírípo lọ, torí obìírípo máa ń ká ewé tó sún mọ́ ẹ̀yìn, á sì tẹ igun káàdì inú rẹ̀.

Ara káàdì Heritage kì í dán, ó máa ń fa òróró ọwọ́ mu. Ẹ di etí rẹ̀ mú, ẹ má fi aṣọ tútù nù ún láé. Tẹ́ ẹ bá ń ti káàdì bọ ọ̀rá fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, ẹ kọ́kọ́ fún etí méjèèjì ọ̀rá náà kí ẹnu rẹ̀ là. Bí igun ìsàlẹ̀ bá kọ́ ẹnu ọ̀rá lẹ́ẹ̀kan péré, á hú bí òwú, kò sì ní padà sípò mọ́. Lẹ́yìn náà ló máa wọ toploader 35 pt, ìyẹn àpò ike líle tó wà fún káàdì tí kò nípọn. Àwọn tó ní ègé aṣọ nínú nípọn, tiwọn gbọ́dọ̀ fẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Kí rọ́bà má kan káàdì rárá.

Ti Chrome, àwọn káàdì tí iwájú wọn ń dán bí irin, lẹ máa ṣọ́ jù. Ẹ̀yìn rẹ̀ ń fa ọ̀rinrin, iwájú rẹ̀ kì í fà á, ìdí nìyẹn tó fi ń tẹ̀ bí ọrun. Ọ̀rinrin 40 sí 50 nínú ọgọ́rùn-ún ló bá a mu.

Igun Mẹ́rin:
Ẹ ṣeun púpọ̀. Páálí méjì ni, SP di lẹ́yìn. Ṣé kí n fi àyè sílẹ̀ nínú álíbọ́ọ̀mù fún High Number, apá kejì Heritage tó ń tẹ̀ lé 500 yìí?

Ẹni Ń Kà:
Bẹ́ẹ̀ ni. Ó sábà máa ń dé lápá ìparí ọdún, 501 ni nọ́ńbà rẹ̀ sì ti ń bẹ̀rẹ̀. Ọdún tó bá gbé e dé 725, káàdì 225 ni, ewé 25 géérégé. Ẹ ra álíbọ́ọ̀mù tó lè gba ewé 81.