"Ọmọ ìgbín" kọ́: lórí orúkọ ìgbín tí kò ju wóro gàárì lọ

Ẹ̀yin àgbà àti ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi, mo kí yín láti Adó-Èkìtì.

Orí Punctum pygmaeum ni mo fẹ́ fèsì sí, ìgbín tíńtín tó wà nínú ìwé kékeré tí à ń túmọ̀ fún àwọn ọmọ girama. Ẹ̀gbọ́n wa kan ní kí a pè é ní "ọmọ ìgbín". Ẹlòmíràn ní "ìpẹ̀rẹ̀" ti tó. Mo kọ́kọ́ ní n kò ní dá sí i, àmọ́ ọ̀rọ̀ náà ń jẹ mí lẹ́nu.

Ìkarahun ẹ̀dá yìí kò fẹ̀ ju mìlímítà 1.5 lọ, gíga rẹ̀ kò sì tó mìlímítà 1. Ó pọ́n rúsúrúsú, ó fẹ́lẹ́ débi pé ìmọ́lẹ̀ ń gba inú rẹ̀ kọjá. Ẹ bu gàárì sí àtẹ́lẹwọ́, kí ẹ ṣa wóro kan ṣoṣo: bó ṣe mọ nìyẹn. Bó ṣe kéré tó yìí, àgbà ni. Ó ń yé ẹyin, ọ̀kọ̀ọ̀kan ló ń yé e, ara kan náà ló sì ní ti akọ àti ti abo, tó fi jẹ́ pé èyí tí wọ́n dá sìn lọ́tọ̀ náà ń bímọ láìrí ẹnì kejì. Ọmọ ìgbín ni èyí tí ẹ óò rí lóṣù díẹ̀ sí i tí yóò ti tóbi, tí ẹ óò lè mú lọ sọ́jà. Èyí kò níbi tó ń dàgbà lọ mọ́. A kì í tìtorí pé ènìyàn kúrú ká máa pè é lọ́mọdé lójú àwọn ọmọ rẹ̀.

"Ìpẹ̀rẹ̀" sàn díẹ̀, ṣùgbọ́n ìpẹ̀rẹ̀ ti ní ẹni tó ń jẹ́ ẹ. Ẹni tó bá ti ṣa ìpẹ̀rẹ̀ rí lẹ́yìn òjò mọ̀ ọ́n lójú, ó mọ̀ ọ́n lọ́bẹ̀ pẹ̀lú. Bí a bá gbé orúkọ rẹ̀ fún ẹlòmíràn, kí la óò wá máa pe òun fúnra rẹ̀? "Ìṣáwùrú" kò ṣeé lò, ti inú omi ni. "Òkòtó" ń sọ nípa ìkarahun tó ṣóńṣó nídìí, tí àwọn ọmọdé ń ta, bẹ́ẹ̀ Punctum rí pẹlẹbẹ bí ẹní tí a ká tí a fi lélẹ̀.

Ohun tí mo mú wá ni "ìgbín-wóro". Kì í ṣe Punctum nìkan ni mo fẹ́ kó dúró fún, gbogbo ìgbín orí ilẹ̀ tí kò ju wóro lọ ni, kí a wá fi àpèjúwe ya ọ̀kọ̀ọ̀kan sọ́tọ̀. Ti Punctum pygmaeum yóò jẹ́ "ìgbín-wóro pẹlẹbẹ". Àwọn onímọ̀ pàápàá ti gba ọ̀nà yìí: lọ́dún 2022 tí wọ́n sọ ọ̀kan lórúkọ láti Vietnam, tí ìkarahun rẹ̀ ga tó nǹkan bí ìdajì mìlímítà, psammion ni wọ́n pè é, ìyẹn wóro iyanrìn lédè Gíríìkì. Punctum náà, àmì kékeré bíńtín ni lédè Látìn. Kò sẹ́ni tó pè wọ́n lọ́mọ níbẹ̀.

Mo ní láti sọ èyí pẹ̀lú, bó tilẹ̀ jẹ́ pé yóò bí ẹnì kan nínú. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká yọ "ibùsùn ewé" kúrò nínú ìwé náà. Ibi tí ìgbín yìí ń gbé ni abẹ́ ewé tó já lulẹ̀ tó ń jẹrà, a sì ti ń pe ìyẹn ní ìràwé kí wọ́n tó bí wa. Lóko kòkó ìyá mi lọ́nà Ẹ̀fọ̀n, ìràwé a máa dé ọrùn ẹsẹ̀ lásìkò ẹ̀ẹ̀rùn. Ọdún tó kọjá ni mo gbọn díẹ̀ nínú rẹ̀ lórí asẹ́, tí mo tẹ́ aṣọ funfun sábẹ́. Ìkarahun mẹ́ta bọ́ sílẹ̀, èyí tó tóbi jù nínú wọn kò tó hóró ìrẹsì. Punctum pygmaeum kọ́ o, Yúróòpù ni wọ́n ti mọ ìyẹn dáadáa. Ìyá mi gbé awò ojú rẹ̀ wọ̀, ó wò ó títí, ó ní, "Ùgbín kẹ̀!" Bẹ́ẹ̀ la ṣe ń pè é nílé, bí a ṣe ń pe ilé ní ulé. Kò bi mí bóyá ọmọ ni.

Ibi tó le jù ni ẹnu àti eyín. Nínú ìwé tí à ń túmọ̀, ẹnu ìkarahun ni wọ́n ń pe ojú ihò tí ìgbín ń gbà jáde. Ìgbín sì ní ẹnu tirẹ̀ tó fi ń jẹun. Wọ́n tún dárúkọ Carychium tridentatum, ìgbín tíńtín mìíràn, wọ́n ní ó ní eyín mẹ́ta. Ẹni tó kọ́kọ́ túmọ̀ rẹ̀ kọ ọ́ pé "eyín mẹ́ta wà ní ẹnu rẹ̀". Ọmọ tó bá kà á yóò rò pé òun ló fi ń jẹun! Ara ìkarahun fúnra rẹ̀ ló yọ ṣóńṣó sí ojú ihò yẹn, kò bá oúnjẹ tan. Orí ahọ́n ni eyín tó fi ń ha oúnjẹ wà, wọ́n kéré, wọ́n sì pọ̀ rẹpẹtẹ. Ìkarahun, ilé ìgbín ni, nítorí náà mo pe ihò náà ní "ẹnu-ọ̀nà", mo pe àwọn ohun tó yọ síbẹ̀ ní "ìdábùú". Eyín dúró fún ti orí ahọ́n nìkan.

Ìwo, ẹ fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. "Apá ìfimọ̀lára" tí ẹnì kan fẹ́ fi rọ́pò rẹ̀ gùn ju ìgbín fúnra rẹ̀ lọ. Ìwo kò sì ṣòro láti fi ṣàlàyé: orí ìwo ni ojú Punctum wà, ìdí ìwo ni ti Carychium wà.

Bí ìkarahun ṣe ń yí po, "ìká" ni mo fara mọ́, torí ejò ń ká, a sì ń ká ẹní. Ti Punctum tó mẹ́ta àti ààbọ̀. Ẹ má ṣe yọ àmì ohùn kúrò lórí rẹ̀, kí ó má di ìka ọwọ́ tàbí ìwà ìkà.

Lórí bí a ṣe ń to àwọn ẹ̀dá sí ìsọ̀rí, "ẹ̀yà" ti rẹ̀ mí. Ẹ̀yà ara, ẹ̀yà èdè, ẹ̀yà ènìyàn, ó ti rù ju bó ṣe yẹ lọ. Mo lo "irú" (species) fún pygmaeum, "ojúlé" (genus) fún Punctum, "ìdílé" (family) fún Punctidae. N kò lo agboolé, torí àwọn ìyàwó ilé àti àlejò wà ní agboolé, ẹ̀jẹ̀ kan náà ló sì ń so ìdílé pọ̀ níbi tí à ń sọ yìí. Ojúlé dára torí a lè kó kúrò nínú rẹ̀: nígbà tí Draparnaud, onímọ̀ ará Faransé, sọ pygmaeum lórúkọ ní 1801, ojúlé Helix ló fi í sí, àwọn mìíràn ló wá kó o lọ sí Punctum.

Ìdodo nìkan ló kù tí kò tíì dá mi lójú, ìyẹn ihò àárín abẹ́ ìkarahun tó fẹ̀ dáadáa lára Punctum. Orúkọ Látìn rẹ̀ náà, ìdodo ni, ṣùgbọ́n ẹnì kan ti bi mí pé níbo ni ìwọ́ ti já. Mo ń retí èsì yín lórí ìyẹn títí di ọjọ́ Ẹtì. Ìyókù, mo ti kọ ọ́ sínú ìwé náà.