Ọkọ̀ ojú omi àlòkù tí kò níwèé: ṣé kí n rà á?

Ọmọ Etí Omi:
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà inú iṣẹ́ yìí. Mo rí ọkọ̀ ojú omi àlòkù kan tó wù mí gan-an. Fáíbà ni, ó gùn tó mítà 5, ẹ́ńjìnnì 40hp ló wà nídìí rẹ̀, tírélà tí wọ́n fi ń wọ́ ọ sì wà lábẹ́ rẹ̀. Mo fẹsẹ̀ tẹ inú rẹ̀ káàkiri, kò síbi tó rọ̀. A tan ẹ́ńjìnnì, ó dáhùn lẹ́ẹ̀kan náà. Ó ti tó ọdún mẹ́rin tí mo ti ń tọ́jú owó nítorí irú ọkọ̀ yìí, kí èmi àti ọmọ mi ọkùnrin lè máa fi pẹja.

Ìwé ni kò sí. Ọkùnrin tó ń tà á ní bàbá òun tó ti dolóògbé ló ni ín, pé tuntun ni bàbá náà rà á ní 1987, pé ìwé rẹ̀ sọnù nígbà tí wọ́n ń kó kúrò nílé àtijọ́. Ó ní òun á kọ risíìtì fún mi, òun á fọwọ́ sí i, ó parí. Iye tó ń pè kò tó ìdajì iye tí wọ́n ń ta irú rẹ̀ tó níwèé. Ó tún ní ẹlòmíì ń bọ̀ lọ́jọ́ Sátidé, pé kí n tètè wá san díẹ̀ sílẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ṣé risíìtì nìkan tó? Mi ò fẹ́ kí ọkọ̀ yìí bọ́ mọ́ mi lọ́wọ́, mi ò sì fẹ́ kówó mi ṣòfò.

Onífáíbà:
Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì san nǹkan kan.

Ohun tí ẹ kọ yìí ló ṣẹlẹ̀ sí mi gẹ́lẹ́. Risíìtì ojú ìwé kan ni mo fi ra ọkọ̀ kan. Oṣù mẹ́ta gbáko ni mo fi tún un ṣe. Mo yọ pákó ìdí rẹ̀ tó ti jẹrà, mo fi tuntun sí i, mo fi fáíbà bò ó lẹ́ẹ̀mẹta, mo pààrọ̀ gbogbo wáyà inú rẹ̀. Ọjọ́ tí mo wá lọ forúkọ rẹ̀ sílẹ̀, akọ̀wé tẹ nọ́ńbà rẹ̀ sínú kọ̀ǹpútà, ó wò ó títí, kò sọ̀rọ̀. Ẹni tó ni ọkọ̀ náà ṣáájú ẹni tó tà á fún mi ti fi í ṣe ìdúró owó tó yá ní báńkì, kò sì san gbèsè náà tán. Wọ́n wá gbé ọkọ̀ lọ lójú mi. Ẹni tó tà á fún mi ò purọ́ o, òun náà ò mọ̀. Àmọ́ nígbà tí mo fi máa wá a lọ, ó ti kó kúrò níbi tó ń gbé. Ó ti pé ọdún mẹ́sàn-án báyìí, síbẹ̀ tí mo bá rí ọkọ̀ aláwọ̀ búlúù lójú omi, àyà mi á já.

Ohun tí mi ò ṣe nígbà náà ni mo fẹ́ kí ẹ ṣe. Ẹ padà lọ, kí ẹ wo ìdí ọkọ̀ náà látẹ̀yìn, lókè, lápá ọ̀tún. Nọ́ńbà kan wà níbẹ̀ tí wọ́n ń pè ní HIN, ìyẹn nọ́ńbà ìdánimọ̀ ara ọkọ̀. Gbogbo ọkọ̀ tí wọ́n ṣe fún títà ní Amẹ́ríkà láti oṣù kọkànlá ọdún 1972 ló gbọ́dọ̀ ní in, lẹ́tà àti nọ́ńbà 12 lápapọ̀; ti Yúróòpù máa ń fi lẹ́tà méjì ti orílẹ̀-èdè ṣíwájú. Mẹ́ta àkọ́kọ́ ń tọ́ka sí ẹni tó ṣe ọkọ̀, márùn-ún tó tẹ̀ lé e jẹ́ ti ọkọ̀ náà fúnra rẹ̀. Mẹ́rin tó kẹ́yìn ni kí ẹ tẹjú mọ́. Láti ọdún 1984, lẹ́tà tó ṣíwájú níbẹ̀ ni oṣù: A ni oṣù kìíní, L ni oṣù kejìlá. Nọ́ńbà tó tẹ̀ lé e ni ìparí ọdún tí wọ́n ṣe é, méjì tó kù sì ni ọdún módẹ́ẹ̀lì rẹ̀.

Ẹ fi ìka pa ibẹ̀. Tí ẹ bá rí i pé wọ́n ti họ ọ́, tàbí pé ọ̀dà ibẹ̀ yàtọ̀ sí tara ọkọ̀ yòókù, ẹ máa lọ sílé. Ẹ́ńjìnnì ní nọ́ńbà tirẹ̀, tírélà náà ní tirẹ̀. Ẹ ya fọ́tò mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Tí kò bá jẹ́ kí ẹ yà á, ẹ ti rí ìdáhùn yín nìyẹn.

Abẹ́ Òfin:
Mo fara mọ́ ohun tí Onífáíbà sọ. Risíìtì kò lè sọ ohun tí kì í ṣe ti ẹni tó tà á di tiyín. Bí ẹ tiẹ̀ san gbogbo owó rẹ̀ pẹ̀lú ọkàn mímọ́, ẹni tó ni ín gan-an ṣì lè wá gbà á. Tí ó bá wá jẹ́ pé wọ́n jí i ni, ọlọ́pàá á bi yín ìdí tí ẹ fi rà á ní ìdajì iye rẹ̀. Ẹ ṣáà mọ ohun tí àgbà wí: ẹni tó gbépo lájà kò jalè bí ẹni tó gbà á sílẹ̀.

Bí ó bá sì jẹ́ òótọ́ ni pé bàbá ló ni ín, ó ti di ogún. Ọmọ mélòó ni bàbá bí? Ta ni kóòtù fún láṣẹ láti pín ogún náà? Ẹ má gba ọwọ́ ẹnì kan ṣoṣo. Ìwé tó sọnù ṣeé gbà padà, ṣùgbọ́n ó rọrùn fún ẹni tó ni ọkọ̀ tàbí àwọn ajogún rẹ̀ ju ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ rà á lọ. Kí wọ́n lọ gbà á kí ẹ tó sanwó. Òfin ò dọ́gba níbi gbogbo. Ní Gẹ̀ẹ́sì, ìforúkọsílẹ̀ àwọn ọkọ̀ kéékèèké kì í ṣe ẹ̀rí pé ẹnì kan ló ni ọkọ̀. Ní àwọn ìpínlẹ̀ kan ní Amẹ́ríkà, ẹ lè fi owó ìdúró gba ìwé, kí ẹni tó bá yọjú lẹ́yìn ọ̀la lè rí ẹ̀tọ́ rẹ̀ gbà. Ọ́fíìsì ìforúkọsílẹ̀ tó wà níbi tí ẹ máa ti lò ó ni kí ẹ bi.

Ẹ́ńjìnnì Ló Mọ̀:
Ẹ má fojú di nọ́ńbà ẹ́ńjìnnì o. Bóòtì ló so ó mọ́ ìdí ọkọ̀, kò gba olè lákòókò láti tú u. Ọkọ̀ lè mọ́, kí ẹ́ńjìnnì ìdí rẹ̀ jẹ́ ti olè.

Ọmọ Etí Omi:
Ẹ ṣeun gan-an ni. Mo ti padà lọ. Nọ́ńbà náà wà níbẹ̀, ẹnikẹ́ni ò họ ọ́. Ó parí sí C595. Mo dúró síbẹ̀, mo ń fìka kà á: A, B, C. Oṣù kẹta, ọdún 1995. Ọkọ̀ tí wọ́n ní bàbá rà ní tuntun ní 1987!

Mo fi han arákùnrin náà, ó yà á lẹ́nu tọkàntọkàn. Ojú mi níbẹ̀ ló ti pe ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin. Ẹ̀gbọ́n náà ní ti 1987 yẹn, bàbá ti tà á tipẹ́; pé àlòkù ni èyí, ọwọ́ ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan ló ti rà á, kò sì yí orúkọ rẹ̀ padà rárá. Èmi àti arákùnrin náà jọ lọ sí ọ́fíìsì ìforúkọsílẹ̀ láàárọ̀ yìí. Wọn ò kọ ọ́ sílẹ̀ pé wọ́n jí i, kò sí gbèsè lórí rẹ̀, nọ́ńbà ẹ́ńjìnnì náà mọ́. Orúkọ ọ̀rẹ́ bàbá ló ṣì wà lórí rẹ̀. Ẹni náà wà láàyè, ó sì ti gbà láti fọwọ́ sí i fún àwọn ọmọ. Mo sọ fún wọn pé ọjọ́ tí ìwé bá dé lowó máa dé, mi ò sì ní yọ nǹkan kan kúrò nínú iye tí a jọ sọ.

Sátidé ti kọjá, ẹni tí wọ́n ní ó ń bọ̀ kò wá. Ọmọ mi bi mí lálẹ́ àná pé ṣé a ti ra ọkọ̀ wa. Mo ní rárá, a ṣì ń dúró de ìwé. Mo fi fọ́tò nọ́ńbà náà hàn án, mo sì kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń kà á.