Èsì: "Ọjà-idán" kọ́ o, ẹ jọ̀ọ́

Ẹ kú ìjókòó, ẹ̀yin àgbà.

Ẹ̀gbọ́n wa tó ní ká máa pe idà, òrùka àti gbogbo ohun abàmì inú Dungeons & Dragons, eré tá a ń fẹnu àti dáìsì ṣe bí akọni inú ìtàn, ní "ọjà-idán", ẹ má bínú, kò gba ọ̀nà ọ̀fun mi lọ. Ẹ tiẹ̀ kọ ọ́ láìfàmì sí i. Ọmọ mi kà á sí ọ̀já, ó ní ṣé ọ̀já ìpọnmọ náà ń pidán ni.

"Ọjà" yẹn gan-an ló ń dùn mí. Ohun tá a bá pè lọ́jà, títà ni. Nígbà tí eré yìí jáde ní 1974, inú ihò, lábẹ́ imú ẹbọra, lèèyàn ti ń he irú nǹkan bẹ́ẹ̀. Dáìsì ló ń sọ èyí tó kan ni. Ìwé òfin eré náà tó jáde ní 2000 dá iye lé wọn: idà gígùn oní +1, ìyẹn èyí tí idán fi ẹyọ kan kún agbára rẹ̀, owó wúrà 2,315. Ìwé 2014 tún yí i padà. Ó ní oògùn ìwòsàn wà ní 50, àmọ́ èyí tó pọ̀ jù nínú ìyókù ṣọ̀wọ́n débi pé kò sí níbi tí wọ́n ti ń tà á, àfi bí olùdarí eré bá fẹ́. Ẹ gbọ́ ná: ọjà-idán tí kò sí lọ́jà!

Ìyá ìyá mi ṣe lékulẹ́ja ní Jankárà. Agẹmọ gbígbẹ ló máa ń fi òwú dúdú so ní mẹ́ta-mẹ́ta. Màmá yẹn kò jẹ́ sọ pé òun "rí" owó nílẹ̀. "Mo he é" ni.

Ní Sátidé, nínú pálọ̀ wa ní Sùúrùlérè, ọmọ tó he òrùka nínú ihò kò jẹ́ kẹ́nikẹ́ni fọwọ́ kan ibi tó kọ ọ́ sí lórí ìwé eré rẹ̀. Èyí tó ra tiẹ̀ ti gbàgbé ohun tó ń ṣe. Ẹni tó rí nǹkan he tó fẹ́ kú torí ẹ̀... ẹ mọ ìyókù.

Nítorí náà, "àhe" fún èyí tá a he, "àrà" fún èyí tá a rà. Wọ́n ní àrà á pa pọ̀ mọ́ àrà tá a fi ń dá àrà. Ibẹ̀ gan-an ló ti dùn!

Ẹni tó ní ká kúkú máa pè é ní "àrìnnàkò", "kò" inú ẹ̀ ńkọ́? Ẹni méjì ló ń kora lọ́nà. Òrùka kì í rìn.

Ẹ̀gbọ́n, ẹ ní ẹ ti ń kọ́ni ní gírámà kí wọ́n tó bí mi. Ẹ kú iṣẹ́. Àmì orí ọjà dà?