Ìtọ̀ dín kù lẹ́yìn gìrì oyún: ṣé ká gún magnesium tó kàn?

Agbẹ̀bí: Ẹ kú iṣẹ́, ẹ̀yin àgbà. Bí gìrì bá mú aláboyún, tó ti gba magnesium sulfate (oògùn tó ń dá gìrì dúró) àkọ́kọ́, àmọ́ tí ìtọ̀ wákàtí 4 kò ju 60 ml lọ, tó sì dúdú bíi tíì, ṣé ká gún 5 g tó kàn?

Nọ́ọ̀sì_Àgbà: Ẹ má gún un! Kíndìnrín ló ń tọ magnesium jáde. Bí ìtọ̀ kò bá pé 100 ml ní wákàtí 4, oògùn á máa ga nínú ẹ̀jẹ̀ ni. Ẹ kan orúnkún wò: bí ẹsẹ̀ kò bá ta mọ́, tàbí tí mímí kò tó 16 ní ìṣẹ́jú kan, ó ti pọ̀ jù. Nígbà náà, ẹ fún un ní calcium gluconate, oògùn tó ń ṣẹ́ agbára magnesium, 1 g sínú iṣan, díẹ̀díẹ̀.

Dókítà_Ìyá: Ẹ kọ́kọ́ wo rọ́bà ìtọ̀ ná, ó lè ká. Ẹ má da dírípù lù ú: kó má ju 80 ml lọ ní wákàtí kan, àfi tí ẹ̀jẹ̀ bá ń dà. Iṣan ẹ̀jẹ̀ ẹni tí gìrì oyún mú ń jò, ẹ̀dọ̀fóró ni omi náà ń lọ. Nítorí ìtọ̀ dúdú yẹn, ẹ yẹ platelet (èyí tó ń mú ẹ̀jẹ̀ dì), ẹ̀dọ̀ àti creatinine (ìdọ̀tí ẹ̀jẹ̀ tí kíndìnrín ń sẹ́) wò lónìí; bí creatinine bá ju 1.1 mg/dL lọ, kò dára.

Nọ́ọ̀sì_Àgbà: Lẹ́yìn ìbímọ ńkọ́? Ẹ jọ̀wọ́, paracetamol ni fún ìrora, kì í ṣe diclofenac. Bí protein bá ṣì wà nínú ìtọ̀ lẹ́yìn oṣù 3, kó rí dókítà kíndìnrín.