Èsì: «Kòkòrò ajẹgbòǹgbò» kọ́ o!

Ẹ̀yin ará, mo kí yín láti Kétu ní ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀. Ẹ̀gbọ́n wa tó ń kọ̀wé láti Ìbàdàn ní ká máa pe bakitéríà (ohun abẹ̀mí tín-ín-tín tí ojú lásán ò lè rí) ara gbòǹgbò sójà (ohun ọ̀gbìn tí ẹ̀yin ń pè ní sóyà) ní «kòkòrò ajẹgbòǹgbò». Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú, orúkọ yìí á ba oko jẹ́. Àgbẹ̀ wo ló máa gbọ́ «ajẹgbòǹgbò» tí kò ní sáré lọ ra oògùn apakòkòrò?

Kì í jẹ gbòǹgbò rárá. Ẹ fi ọkọ́ wa sójà tó ti ń tanná, ẹ rọra gbọn iyẹ̀pẹ̀ nù, ẹ ó rí kókó wẹ́wẹ́ lára gbòǹgbò rẹ̀ (kókó o, kì í ṣe kòkó, kì í ṣe kókò). Ẹ fi èékánná là á. Bí inú rẹ̀ bá pọ́n, iṣẹ́ ń lọ. Bó bá ní àwọ̀ ewé, iṣẹ́ ti dúró. Níbẹ̀ ni bakitéríà ti ń sọ náítírójìn inú afẹ́fẹ́ di oúnjẹ fún sójà, tí sójà náà ń fún un ní ṣúgà. Láti 1888 ni Beijerinck, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ará Netherlands, ti ya bakitéríà yìí sọ́tọ̀ láti inú kókó bẹ́ẹ̀.

«Alájọjẹ» ni kó máa jẹ́. Inú «jọ» yẹn ni gbogbo ọ̀rọ̀ wà. Ẹ yọ ọ́ kúrò, olè oko ló kù. Ṣebí àwọn àgbà ní àjọjẹ kò dùn bẹ́nìkan ò ní? Bí ilẹ̀ ò bá ní fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì (èròjà kan tí ohun ọ̀gbìn ń jẹ), tàbí tó kíkan jù, alájọjẹ ò ní rí nǹkan gidi ṣe. Ìdí nìyẹn tí ilẹ̀ pupa Kétu àti ilẹ̀ oníyanrìn Ṣábẹ̀ẹ́ ò fi lè gba ìtọ́jú kan náà. Bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe gbogbo alájọjẹ ẹ̀wà ló ń bá sójà rẹ́. Ní Ìbàdàn yín gan-an ni IITA, ilé ìwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀, ti mú irú sójà tí wọ́n ń pè ní TGx jáde, èyí tó ń bá alájọjẹ ilẹ̀ wa ṣe. Irú mìíràn, lẹ́búlẹ́bú alájọjẹ lẹ máa fi ra irúgbìn rẹ̀ lára lábẹ́ ibòòji, kẹ́ ẹ gbìn ín lọ́jọ́ náà, torí oòrùn ń pa alájọjẹ.

Ẹni tó ní àwọn bàbá wa ò mọ nǹkan kan nípa èyí, ta ló kọ́ bàbá mi láti máa gbin àgbàdo síbi tó ti hú ẹ̀pà, tóun náà ní alájọjẹ?

Ní ti ẹni tó ní «sóyà» ni Yorùbá, pé ológun ni «sójà»: lọ́dọ̀ wa, ológun là ń pe ológun. Ẹnu Faransé la ti gba tiwa, ẹnu Gẹ̀ẹ́sì lẹ ti gba tiyín. Mi ò ní yí i padà. Ẹ dá mi lóhùn lórí «jọ».